Páìpù irin tó sán gbọọrọ: irú èwo la máa fi rọ́pò rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìrẹsì Ọ̀fadà la ń bọ̀ ní Lafẹ́nwá níbí. Páìpù ínǹṣì 2 tó ń gbé ooru láti bọ́ílà lọ sídìí ìkòkò ti sán gbọọrọ. Wẹ́dà bò ó, ó tún là níwájú ibẹ̀. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ pa bọ́ílà yẹn, kó tutù pátápátá. Ooru tó wà lábẹ́ agbára bar 7 (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára tí ooru tàbí omi fi ń tì) ń gbóná tó 170°C. Ẹni tó bá fọ́n sí lára, awọ rẹ̀ á bó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà tún bò ó mọ́.

Bó ṣe là tẹ̀ lé ìlà kan ṣoṣo yẹn jọ pé páìpù oníjíjó ni wọ́n tà fún yín. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n ká bí ẹní, tí wọ́n wá fi iná mànàmáná jó etí méjèèjì pọ̀. Bí etí yẹn ò bá wọra dáadáa ní ilé iṣẹ́, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ là, nítorí ó ń gbóná láàárọ̀, ó ń tutù lálẹ́. Ìpẹtà náà sì máa ń jẹ ojú ìlà yẹn wọnú ju ara yòókù lọ.

Irú kejì, tí wọ́n ń pè ní seamless (èyí tí kò ní ojú ìjó), kò ní etí rárá. Ọ̀pá irin tó ki ni wọ́n ń fi iná yan títí tó fi pọ́n, tí wọ́n á máa yí i, tí irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó á sì gún un láàárín já. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Mannesmann ní Jámánì ló gbé ọ̀nà yìí jáde ní 1885. Èyí tí wọ́n tẹ A106, ìyẹn nọ́ńbà ìlànà tí wọ́n fi ṣe páìpù náà, sí lára ni kẹ́ ẹ rà: gbogbo A106 tòótọ́, seamless ni. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gé ojú tí wọ́n ń yí wọra (thread) sí i lẹ́nu, ẹ gba Schedule 80 (Schedule ni nọ́ńbà tó ń sọ bí ara páìpù ṣe nípọn tó), tó nípọn tó mílímítà 5.5. Ti Schedule 40 kò tó 4, ojú tí wọ́n ń gé yẹn á sì tún jẹ nínú rẹ̀.

Ìbéèrè: Gbogbo wọn ló dúdú lọ́jà. Báwo ni mo ṣe máa dá wọn mọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ki ìka bọ ẹnu páìpù, kẹ́ ẹ fi pa inú rẹ̀ yíká, kẹ́ ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Bí ìka yín bá kan ìlà tó yọ sókè díẹ̀, tó ń lọ gbọnrangandan, oníjíjó ni. Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń fá ìlà yẹn kúrò, nítorí náà, ẹ ka lẹ́tà ara rẹ̀: SMLS ni seamless, ERW ni oníjíjó. Bí ẹni tó ń tà á bá ti fi ọ̀dà bo lẹ́tà náà, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Ìbéèrè: Ọbàńtókò ni mo wà. Púlọ́ńbà ní àfi seamless ni mo lè fi gbé omi wálẹ̀ láti orí táńkì. Òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ má náwó yín dànù. Táńkì tó ga ní mítà 10 kò fún omi ní ju nǹkan bíi bar 1 lọ. Oníjíjó tí wọ́n fi zinc bò ti tó, bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹsẹ̀ táńkì àti géètì. Ohun tó yẹ kó ká yín lára ni kí wẹ́dà má jó o nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ò ráàyè wọ̀, torí èéfín zinc máa ń fa ibà.

Ìbéèrè: Ṣé seamless ló wá dáa jù níbi gbogbo?

Ìdáhùn: Ó dáa jù níbi tí agbára bá ti pọ̀: bọ́ílà, jáàkì elépo, ẹ̀rọ ìwakọ̀ katakátá. Ṣùgbọ́n oníjíjó máa ń nípọn dọ́gba yíká ju seamless lọ, torí irin pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ṣe é. Irin tó ń gún seamless lè yà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Páìpù ńláńlá tó ń gbé gáàsì lọ ọ̀nà jíjìn, oníjíjó ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n sì ń yẹ ojú ìjó wọn wò kó tó kúrò ní ilé iṣẹ́.