Róòsì mi ò ní òórùn o! Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí lórí róòsì ẹ̀yìnkùlé

Houston la wà o, ìlú ooru àti ọ̀rinrin, ilẹ̀ amọ̀ dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ṣọ́bìrì bí àmàlà tí wọn ò rò dáadáa. Róòsì mẹ́rin ló wà lẹ́yìnkùlé mi. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa tó bá ti gbóòórùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á lọ ra tiwọn, tó bá wá di pé tiwọn ò ta sánsán, èmi ni wọ́n máa pè. Mo kàn kó ìbéèrè wọn jọ síbí ni, ẹnu ti ń ro mí.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́ roosi mi o ni oorun rara, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Báyìí gẹ́lẹ́ lo ṣe kọ ọ́ láìfi àmì sí i, mo wá jókòó tì í pé ṣé oòrùn tó ń ràn lo ní ni àbí òórùn tí imú ń gbọ́, torí ó kéré tán ó dá mi lójú pé kì í ṣe oorun tí èèyàn ń sùn. Ìgbà tí mo pè ẹ́ lo wá ní ti imú ni, o sì ní Knock Out lo rà. Ọ̀rọ̀ parí. Ọdún 2000 ni Knock Out jáde, kò síbi tí wọn ò gbìn ín sí nílùú yìí, iwájú báǹkì, iwájú ṣọ́ọ̀bù, torí àìsàn kì í sáábà mú un, kì í sì í sinmi òdòdó yíyọ, ṣùgbọ́n òórùn ò fi bẹ́ẹ̀ sí lára ẹ̀ látilẹ̀. Ajílẹ̀ tó o bá dà sí i ì báà ga tó òkè, kò ní ta sánsán. Inú ìran ni òórùn ti ń wá. Fi èyí sílẹ̀ síwájú ilé, kó o wá ra òmíràn fún imú ẹ.

Ìbéèrè: Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ́ ẹ ní, èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ó dọwọ́ irú òórùn tó o fẹ́ àti bí sùúrù ẹ ṣe tó. Mister Lincoln (1964) lòórùn róòsì tó o mọ̀ látinú ọṣẹ àti lọ́fínńdà ìyá àgbà, pupa ẹ̀ jìn bí àrán, àmọ́ ó máa ń ga gẹ́gẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ á wá wà níhòòhò, nítorí náà ẹ̀yìn nǹkan míì ni mo gbìn ín sí. Double Delight (1977) funfun bíi wàrà láàárín, etí ẹ̀ pupa, bí oòrùn bá ṣe ń pa á ni pupa yẹn ń tàn wọnú, òórùn ẹ̀ ní ata díẹ̀ nínú, èmi máa ń gbọ́ kànáfùrù níbẹ̀, ọkọ mi ní òun ò gbọ́ kànáfùrù kankan. Òun ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ló ń dà mí láàmú jù torí àìsàn ewé tí wọ́n ń pè ní àmì dúdú ò jẹ́ kó rímú mí. Fragrant Cloud, Tantau ní Jámánì ló mú un jáde ní 1963, àwọ̀ ẹ̀ wà láàárín pupa àti àwọ̀ ọsàn, ẹyọ kan péré tó o bá gbé sí pálọ̀, ẹni tó ń wọlé á béèrè pé kí lẹ fọ́n síbí. Ẹ̀kẹrin ni Belinda's Dream (1988), Robert Basye ló ṣe é, olùkọ́ ìṣirò ni bàbá yẹn ní Yunifásítì Texas A&M o, kì í ṣe olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Òórùn ẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, bí èso, àmọ́ ó mọ ooru ibí, Texas A&M fúnra wọn fi sínú àwọn róòsì Earth-Kind wọn, ìyẹn àwọn tí kò ní jẹ́ kó o máa fín oògùn ṣáá.

Tó bá jẹ́ àkọ́rà, Belinda's Dream. Tó o bá ti tọ́jú ìyẹn fọ́dún kan tí kò kú, wá ra Fragrant Cloud. Double Delight, jọ̀ọ́, dúró ná.

Ìbéèrè: Láàárọ̀ ó ń ta sánsán dáadáa, kí àlejò mi tó dé ní aago méjì ọ̀sán kò sí nǹkan kan mọ́. Kí ló gbé òórùn ẹ̀ lọ?

Ìdáhùn: Ooru ló gbé e lọ. Epo fẹ́ẹ́rẹ́ kan ni òórùn yẹn, ara òdòdó ló ti ń fò lọ sínú afẹ́fẹ́, tí oòrùn bá ti mú, èyí tó ń lọ á pọ̀ ju èyí tí òdòdó ń rí ṣe lọ. Ní Kazanlak, ní Bulgaria, níbi tí wọ́n ti ń fún epo róòsì, àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń já a, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bíi 3,000 sí 4,000 kílò òdòdó ló ń lọ sí kílò epo 1. Torí náà já tìẹ náà láàárọ̀, èyí tó là dé ìdajì, èyí tó ti ṣí gbayawu ti ná tiẹ̀ tán. Gbé e sínú omi ní pálọ̀, má gbé e síwájú ẹ́sì. Tó bá wá jẹ́ July àti August, máa fojú fo wọ́n, òdòdó á kéré, òórùn á dínkù, October ni wọ́n tún máa ń padà bọ̀ sípò níbí.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, Double Delight tí mo rà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ti yí padà o. Òdòdó pupa dúdú kéékèèké ló ń yọ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, kò sì lóòórùn. Ṣé wọ́n fi nǹkan sí i ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Dádì. Kò sẹ́ni tó fi nǹkan sí i sà, orí ló kú, ìdí ló kù. Púpọ̀ nínú róòsì tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, orí ìdí róòsì míì tó ń jẹ́ Dr. Huey ni wọ́n lọ́ ọ mọ́, bí wọ́n ṣe ń lọ́ ọsàn nílé, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Tí òtútù tàbí àìsàn bá pa ti òkè, ìdí á rú ẹ̀ka tiẹ̀, pupa dúdú tó ń yọ lẹ́ẹ̀kan ní ìgbà ìrúwé ni òdòdó Dr. Huey. Ẹ wo ibi tó wú bíi kókó nísàlẹ̀. Ẹ̀ka tó bá ń yọ lábẹ́ ẹ̀, ẹ wa ilẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ fà á ya látìdí, ẹ má kàn gé e, torí á tún rú. Tí kò bá wá sí nǹkan tó yè lókè kókó yẹn mọ́, ẹ fà á tu, kẹ́ ẹ ra èyí tó dúró lórí gbòǹgbò ara ẹ̀, ẹ sì má gbìn ín sínú kòtò kan náà láìpààrọ̀ iyẹ̀pẹ̀, róòsì kì í fẹ́ jókòó sórí àga tí róòsì míì ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀.

Ìbéèrè: Àǹtí, róòsì Valentine tí ọkọ mi rà fún mi ni mo gé, mo tì í bọlẹ̀, ó hù! Àmọ́ kò lóòórùn.

Ìdáhùn: O káre, ọwọ́ ẹ mọ iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ló máa ń jẹrà. Àmọ́ róòsì inú bọ́kéè, Kòlóńbíà àti Ẹ́kúádọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n fẹ́ kó ní ọ̀pá gígùn, kó lè wọ bàálù, kó pẹ́ nínú omi, òórùn ni wọn ò béèrè. Lọ́dún 2015 àwọn olùwádìí ní Faransé fi róòsì Papa Meilland tó lóòórùn wé róòsì Rouge Meilland tí kò ní, wọ́n rí i pé ẹ́ńsáìmù kan, èròjà tó ń bá òdòdó ṣe òórùn, ń ṣiṣẹ́ gan-an nínú ti àkọ́kọ́, nínú ìkejì kò ṣe nǹkan kan tó jọjú. Torí ọkọ ẹ, má fà á tu.

Ìbéèrè: Àmì dúdú kún ara ewé, ewé ń pọ́n, ó ń rẹ̀. Ẹ̀ka tuntun náà ń ká kò, ó dà bíi pé iná jó o.

Ìdáhùn: Nǹkan méjì nìyẹn. Àmì dúdú, bíi olú ni, omi tó bá pẹ́ lórí ewé fún wákàtí mélòó kan ló ń jẹ́ kó ràn. Ìdí ni kó o máa bomi rin, láàárọ̀, má wọ́n ọn sórí bí ẹni ń ṣe ìrìbọmi. Ṣa ewé tó bá já bọ́ dà nù, kí afẹ́fẹ́ ráàyè kọjá láàárín ẹ̀ka, ìyẹn la ṣe ń rẹ́ ẹ ní nǹkan bíi Valentine níbí. Èyí tó ń ká kò nínú ooru, kòkòrò wíwínníwín kan ni, chilli thrips, ojú lásán ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Gé orí ẹ̀ka náà, dì í sínú náílọ́ọ̀nù, gbé e jù nù. Tó ò bá rí ojútùú, lo spinosad, oògùn kòkòrò kan ni, àmọ́ ìrọ̀lẹ́ ni kó o fín in, kó má pa oyin.

Ìbéèrè: Ìbàdàn ni mo wà ma, ṣé ó lè dáa níbí?

Ìdáhùn: Ó lè hù, àmọ́ òjò àti ooru òru yẹn máa ń tán an lókun, Jos tó wà lókè rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. Inú ìkòkò ni kó o gbìn ín sí, níbi tí oòrùn àárọ̀ á ti pa á tó wákàtí mẹ́fà. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, má ra èyí tí kò tíì tanná, tẹ̀ ba, fi imú gbọ́ ọ kó o tó yọ owó.

Ìbéèrè: A fẹ́ ya fọ́tò ọjọ́ ìbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ṣé mo lè fín lọ́fínńdà sí i?

Ìdáhùn: Fọ́tò lo fẹ́ yà, lọ́fínńdà wá jẹ́ ti kí ni?