Bí Egungun Tó Ki Jù Bá Ṣẹ́: Ìtọ́sọ́nà fún Aláìsàn àti Ará Ilé

Egungun tó funfun gbòò nínú àwòrán X-ray lè jẹ́ egungun tí kò lágbára. Nínú àrùn osteopetrosis, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó máa jẹ egungun ògbólógbòó kúrò kì í ṣiṣẹ́ dáadáa. Tuntun ń gorí àtijọ́, ihò tí mùdùnmúdùn ń gbé ń dí, egungun á wá le gbagidi, síbẹ̀ á máa kán bí ẹfun. Òkè itan, nísàlẹ̀ ìbàdí, wà lára ibi tó sábà ń ṣẹ́.

Bó bá ṣẹ́, ẹ má fà á, ẹ má wọ́ ọ. Ẹ dè é mọ́ igi pẹlẹbẹ bó ṣe wà, kí ẹ sì tètè sọ fún dókítà pé egungun rẹ̀ ki jù. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń yí gbogbo ètò iṣẹ́ abẹ padà.

POP, ìyẹn ẹfun líle tí wọ́n fi ń di egungun tó ṣẹ́, lè tó fún ọ̀pọ̀ ọmọdé. Bó bá di iṣẹ́ abẹ, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò: ẹ̀jẹ̀ lè kéré, sẹ́ẹ̀lì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì náà lè kéré, nítorí mùdùnmúdùn tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ kò ráyè. Kí ẹ̀jẹ̀ àfikún wà nílẹ̀. Ẹ sọ̀rọ̀ eyín tó ń jẹrà pẹ̀lú, torí kòkòrò tètè ń wọ egungun àgbọ̀n.

Irin gbọọrọ inú egungun ṣòro láti fi sí i, nítorí ihò ti dí. Bí wọ́n bá fi agbára tì í, egungun lè là. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ dókítà fi ń lo pẹpẹ irin àti síkúrúù. Ìlu tí wọ́n fi ń lu ihò síkúrúù ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù: ó ń kú lẹ́nu, ó ń kán sínú egungun, ó sì ń gbóná. Bí ooru bá dé 47°C fún ìṣẹ́jú 1, egungun ibẹ̀ lè kú, síkúrúù á sì tú. Nítorí náà, ìlu tuntun púpọ̀ ni kó wà nílẹ̀. Kó máa yí díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa da omi iyọ̀ tútù sí i, kí wọ́n máa fà á jáde lemọ́lemọ́ láti nu ẹnu rẹ̀. Kí wọ́n gé ojú ọ̀nà síkúrúù kí wọ́n tó yí i wọlé. Pẹpẹ tó gùn ló dára, nítorí egungun máa ń ṣẹ́ níbi tí pẹpẹ kúkúrú parí sí.

Ó máa ń pẹ́ kó tó jinná, nígbà mìíràn kì í so rárá. Kí aláìsàn má fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ títí X-ray yóò fi hàn pé ó ti so. Bí ojú ọgbẹ́ bá ń ṣomi, tí ibà dé, tàbí tí itan kejì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún láìṣubú, ẹ padà sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.