Ara gbígbóná lẹ́yìn tí èèyàn gba mùdùnmúdùn eegun: àwọn àṣìṣe tí kò yẹ kí ẹ ṣe

Ọ̀pọ̀ ìdílé wa ló ti gbọ́ pé ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lè gba mùdùnmúdùn eegun lára ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ kó sì rí ìwòsàn. Òótọ́ ni. Wọ́n ṣe é ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Benin ní ọdún 2011. Wọ́n ń fi wo jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ náà. Èyí tí wọn kì í sábà ròyìn fún wa ni ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí kòkòrò àrùn lè wọnú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn.

Kí wọ́n tó fún un ní mùdùnmúdùn ẹlòmíràn, oògùn líle ni wọ́n fi ń pa ti ara rẹ̀, èyí tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ fún un. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń ṣọ́ ara kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ sí rárá. Egbò rẹ̀ lè má wú, ó lè má ṣe ọyún, nítorí ẹ̀jẹ̀ funfun ló ń fa ìyẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara gbígbóná nìkan ni àmì tí ẹ máa rí.

Ìdí nìyí tí àṣìṣe tó ń bà mí lẹ́rù jù fi jẹ́ parasítámọ́ọ̀lù. Ara gbóná lóru, ìyá fún ọmọ ní méjì, òógùn bò ó, ara tutù, wọ́n ní ó di àárọ̀. Oògùn yẹn ò pa kòkòrò kankan. Àmì nìkan ló pa mọ́, kòkòrò sì ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ ra òṣùwọ̀n ìgbóná ara sílé. Bó bá ti dé 38 (ní ìwọ̀n Celsius), ẹ pe nọ́mbà tí wọ́n fún yín nílé ìwòsàn kí ẹ tó fún un ní ohunkóhun, ì báà jẹ́ aago méjì òru.

Ẹ má sì fọkàn balẹ̀ torí pé ara kò gbóná. Ẹni tó ń lo oògùn sitẹ́rọ́ọ̀dù (tó ń dín agbára ìdáàbòbò ara kù) lè ní kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ kí ara rẹ̀ má gbóná rárá. Bó bá ń gbọ̀n, tó ń sọ̀rọ̀ tí kò yé èèyàn, tí kò tọ̀ mọ́, tàbí tó kàn rẹ̀ ẹ́ lódì, ẹ gbéra.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ibi tí ògiri ti lanu lára aláìsàn yìí pọ̀. Rọ́bà tí wọ́n fi sí àyà rẹ̀ wọnú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ tààrà: ẹ má fi ọwọ́ tí ẹ kò fọ̀ kàn án, ẹ má jẹ́ kí omi ìwẹ̀ dé ẹnu rẹ̀. Bó bá ń gbọ̀n láìpẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n fa omi oògùn sínú rọ́bà náà, ẹ sọ ọ́ kíákíá. Ẹnu àti ìfun rẹ̀ ti bó pẹ̀lú, kòkòrò tó ń gbé ibẹ̀ látilẹ̀ á ráyè wọlé. Nítorí náà kò sí pákò, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni. Ẹ má ti oògùn bọ ìdí rẹ̀, ẹ má sì fi omi fọ ìfun rẹ̀ láti ìdí nítorí jẹ̀díjẹ̀dí.

Àgbo ńkọ́? Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú kí ìyá àgbà gbé e wá. Síbẹ̀, ewé àti èèpo igi lè gbé kòkòrò ilẹ̀ wá, àwọn mìíràn sì ń da iṣẹ́ oògùn tí kò jẹ́ kí mùdùnmúdùn tuntun bá ara jà rú. Ẹ bi dókítà kí ẹ tó fún un.

Wọ́n dá a sílé, kò tíì tán. Ó lè gba oṣù púpọ̀ kí ara tó lágbára. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ìgbà ọmọdé ti parẹ́ lára rẹ̀, àtúnṣe ni wọ́n máa ṣe. Bí dókítà bá ní kó máa lo penisilíìnì, oògùn apakòkòrò, ẹ má dá a dúró torí pé ara rẹ̀ ti yá.

Àṣìṣe kan ṣì kù: kí ẹ dé ilé ìwòsàn kí ẹ jókòó jẹ́ẹ́ sórí ìlà. Níbi tí ẹ ti ń wọlé ni kí ẹ ti sọ ọ́: “Mùdùnmúdùn ẹlòmíràn ló gbà, ara rẹ̀ gbóná.” Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ nínú rọ́bà àti lápá fún àyẹ̀wò, oògùn apakòkòrò sì gbọ́dọ̀ ti wọ ara rẹ̀ láàárín wákàtí kan.