Bí mo ṣe fa bít kọ̀ọ̀kan yọ nínú báìtì táǹkì omi wa

Orí irin gíga ni táǹkì omi ilé wa wà, lọ́nà LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tí kò bá gun àkàbà kò lè rí inú rẹ̀. Ìgbà tí omi bá ń dà sílẹ̀ la tó ń mọ̀ pé ó ti kún, màámi á wá máa pariwo pé ta ló tan pọ́ǹpù tó sùn lọ. Mo bá to súìsì mẹ́jọ tó ń léfòó sínú rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, mo so wọ́n mọ́ PCF8574, ẹ̀rọ kékeré tó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ tó lè ka súìsì, mo sì so ìyẹn mọ́ Arduino Uno, kọ̀ǹpútà kékeré tí a ń kọ kóòdù sí.

Nọ́ńbà tó jáde lójú kọ̀ǹpútà ni 240. Kí ni ti 240 nínú ọ̀rọ̀ omi?

Báìtì kan ni, ìyẹn bít mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0 tàbí 1: 11110000. Ọwọ́ ọ̀tún la ti ń kà á. Iye bít 0 ni 1, ti bít 1 ni 2, ó ń di ìlọ́po méjì títí dé bít 7 tí iye rẹ̀ jẹ́ 128. Ẹni tó bá mọ ọ̀pẹ̀lẹ̀ kò ní ya ẹnu: ojú mẹ́jọ, kí kálukú ṣí tàbí kó dé, odù 256. (Àmúlù odù náà 240 ni, àmọ́ ìyẹn kò kan táǹkì wa.)

Ẹsẹ̀ PCF8574 tí kò kan nǹkan kan, 1 ló máa ń kà. Bí omi bá gbé súìsì rẹ̀ tó fi kan GND (ojú iná tó wà ní fóltì 0), á di 0. Òdo mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún: súìsì mẹ́rin ìsàlẹ̀ ló ti rì nìyẹn. Mo pe báìtì náà ní b, mo fi b = ~b yí i padà (0 di 1, 1 di 0), 240 di 15, ìyẹn 00001111.

Ó wá ku kí n mú bít kan ṣoṣo. Mo ṣe asẹ́ tó ní ihò kan péré, 1 tí a tì sósì dé ipò bít n, 1 << n, mo sì fi & sẹ́ báìtì náà, kí bít ibi ihò nìkan lè bọ́:

if ((b & (1 << n)) == 1)

Mo ti fi iná kékeré kọ̀ọ̀kan fún súìsì kọ̀ọ̀kan; mẹ́rin ló yẹ kó tàn. Ẹyọ kan ló tàn, ti ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo tú wáyà, mo tún un so, mo gun àkàbà lẹ́ẹ̀mẹta, mo fẹ̀sùn kan gbogbo súìsì tó wà níbẹ̀. Àbúrò mi wo kóòdù náà lẹ́ẹ̀kan, ó bú sẹ́rìn-ín. Bí bít 3 bá bọ́ nínú asẹ́, 8 ló ń jẹ́, kì í jẹ́ 1 láéláé! Bít 0 nìkan ló lè bá ìbéèrè mi, == 1 (ṣé 1 ni?), mu. Mo wá kọ ọ́ báyìí:

(b >> n) & 1

Èyí ń ti bít náà wá sí ìpẹ̀kun ọ̀tún kó tó sẹ́ ẹ. 15 >> 3 jẹ́ 1. 15 >> 4 jẹ́ 0. Èèyàn lè fi != 0 (kì í ṣe 0) rọ́pò == 1 nínú ti àkọ́kọ́, ó máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èyí ló wù mí. Bí ẹ bá sì yan ti àkọ́kọ́, ẹ má ṣe yọ àkámọ́ rẹ̀: nínú C (èdè kóòdù), == ló ń ṣáájú &, b & 8 == 8 á di b & 1 mọ́ yín lọ́wọ́.

Iná mẹ́jọ náà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná báyìí. Láàárọ̀ àná, màámi ló jí mi: "Iná méje ti tàn, dìde lọ pa pọ́ǹpù!"