Ẹ yí báfù, kí ẹ wo ohun tí omi ń ṣe lára ògiri

Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kabba níbí. Ọmọ kan ló bi mí pé bí ayé bá ń yí lóòótọ́, kí ló dé tí omi ẹnu ẹ̀rọ kì í wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mi ò fẹnu dá a lóhùn. Mo lọ ra àga ọ́fíìsì tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ wẹ́dà kan lójú ọ̀nà Obajana, mo yọ ìjókòó rẹ̀, mo de pákó mọ́ irin tó ń yí.

Ẹ wá báfù oníke tó rí roboto, táìlì tí wọ́n gé sí méjì, ike omi, rọ́bà dírípù tuntun, àti ìṣápá. Ẹ rẹ ìṣápá náà, kí ẹ sẹ́ ẹ sínú ike omi. Ẹ má fi ṣúgà sí i o! Zóbò tó ṣẹ́kù nílé ni mo kọ́kọ́ lò. Ó wúwo ju omi lọ, ìdí báfù ló lọ sùn sí.

Ẹ gbé báfù sórí pákó, ẹ bu omi sí i, ẹ gbé táìlì dúró nínú rẹ̀. Òun ni ògiri. Ẹ fi rọ́bà owó so ẹnu dírípù mọ́ ìkángun táìlì, kí omi lè máa lọ lára rẹ̀. Ike ìṣápá àti fóònù tí yóò ya fídíò, orí igi tí ẹ kàn mọ́ pákó ni kí wọ́n wà. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ yí. Ẹni tó bá dúró sílẹ̀ wò ó, ojú á tàn án jẹ.

Kí ẹ tó yí i rárá, ẹ tú dírípù. Bó bá ń lọ tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ẹ túbọ̀ ṣí i títí á fi máa dàrú. Lára táìlì gan-an, omi ń falẹ̀, torí ògiri ń dá a dúró. Kúrò níbẹ̀ díẹ̀, eré rẹ̀ pọ̀ jù. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún ń rọ̀ bó ṣe ń bọ́ sínú omi tó dúró.

Ẹ wá yí i, lòdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, ìgbà 10 ní ìṣẹ́jú kan. Ó tó ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó tú dírípù, nítorí omi kì í tètè bá báfù yí. Apá á ro yín. Àwọn ọmọ mi máa ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn.

Bí báfù bá ti ń yí báyìí, agbára tí Coriolis, ará Faransé, kọ nípa rẹ̀ ní 1835 á máa ti omi sọ́tùn-ún, omi tó ń sáré ló sì ń tì jù. Ká ní ọ̀tún ìṣàn náà ni táìlì wà. Èyí tó ń sáré á fẹ́ gba ipò èyí tó ń falẹ̀ lára ògiri, bí epo tí wọ́n dà sábẹ́ omi tó ń wá ọ̀nà òkè: ibẹ̀ á túbọ̀ dàrú. Lápá ìta, èyí tó ń sáré ti wà lọ́tùn-ún tẹ́lẹ̀, epo ti wà lókè, ibẹ̀ á fara balẹ̀. Bradshaw, onímọ̀ nípa bí omi àti afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣàn, fi irú nǹkan báyìí wé afẹ́fẹ́ gbígbóná àti tútù ní 1969.

Ẹ yí báfù sódì kejì, gbogbo rẹ̀ á dorí kodò: ara ògiri á rọ̀, ìta á máa rú, bí ẹ bá sì fi kún eré, omi lè fi táìlì sílẹ̀ pátápátá. Àwọn tó ń fi afẹ́fẹ́ tu abẹ̀bẹ̀ irin inú ẹ́ńjìnnì bàálù lára kò lè fojú fo èyí, torí abẹ̀bẹ̀ náà ń yí.

Ọmọ yẹn ló ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀ sójú pátákó: 10 ní ìṣẹ́jú kan, 14,400 lójúmọ́. Ayé, ẹyọ kan péré.