Fáàfù Afẹ́fẹ́: Bí A Ṣe Ń Gbé E Sórí Páìpù, àti Bí A Ṣe Ń Lò Ó Láìfarapa

"Babu iska!" Ìyẹn ni pé, "Kò sí afẹ́fẹ́!" Bí ẹ bá gbọ́ igbe yìí nínú ilé-iṣẹ́ kan ní Sharada tàbí Challawa, níbí ní Kano, iná ti lọ nìyẹn. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ti dákẹ́, afẹ́fẹ́ tó kù nínú táǹkì sì ti ń tán lọ. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kọ́ ló ń já ẹni tó pariwo láyà o. Fáàfù ni. Èwo ni yóò tì? Èwo ni yóò ṣí gbayawu? Ìbéèrè yìí ni kí ẹ dáhùn kí ẹ tó mú sípánà, torí ẹni tí kò bá bi í nígbà tó ń ra fáàfù, ọjọ́ tí iná bá lọ ni yóò rí ìdáhùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Fáàfù yìí kì í ṣe ti ẹ̀rọ omi ilé tí à ń fọwọ́ yí. Orí rẹ̀ dà bí abọ́ ńlá méjì tí a dojú wọn kọra. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan tó ń jẹ́ dáyáfírámù wà láàárín wọn. Sípíríǹgì ń tì í láti apá kan, afẹ́fẹ́ ń tì í láti apá kejì. Ọ̀pá irin kan ló so dáyáfírámù mọ́ èdídí tó wà nísàlẹ̀, nínú ara fáàfù, níbi tí omi tàbí sítíìmù ń gbà kọjá. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ sí i, ọ̀pá á rìn. Bó bá dín kù, sípíríǹgì á dá a padà. 3 sí 15 psi (ìyẹn iye pọ́ùn lórí íǹṣì kan níbùú lóròó) ni afẹ́fẹ́ tí wọ́n sábà fi ń darí rẹ̀. Lóde òní, iná kékeré, 4 sí 20 mA (mílíámúpù, òṣùwọ̀n iná), ló ń ti yàrá kọ̀ńtírólù wá, pọsíṣọ́nà, ìyẹn àpótí tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ fáàfù, á sì fi afẹ́fẹ́ ṣe ohun tí iná náà wí.

Ẹ má ṣe fojú di 15 psi. Àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń sọ pé táyà mọ́tò gan-an ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ ṣírò rẹ̀: bí dáyáfírámù bá fẹ̀ tó 100 íǹṣì níbùú lóròó, 15 lọ́nà 100 jẹ́ pọ́ùn 1,500. Ó lé ní kílò 680. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́tàlá ló wà lórí ọ̀pá tí ẹnì kan fẹ́ fi ìka nu gíríìsì ara rẹ̀ yẹn.

Kí ẹ tó ra á

Ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ tí páìpù yẹn ń ṣe, kì í ṣe ẹni tó ń ra ọjà nìkan. Ẹ bi í pé: bí afẹ́fẹ́ bá kú, ibo ni ká fẹ́ kí fáàfù yìí lọ? Sítíìmù tó ń lọ sínú ìkòkò tí à ń mú gbóná gbọ́dọ̀ dúró, nítorí náà fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń ṣí, tí sípíríǹgì ń tì, ni ẹ máa rà. Omi tó ń tu ẹ̀rọ lára kò gbọ́dọ̀ dúró, torí náà òdìkejì rẹ̀ lẹ máa rà níbẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi irú kan náà sí gbogbo páìpù nítorí pé ó wọ́n díẹ̀ sí i bí wọ́n bá rà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọjọ́ tí iná lọ, gbogbo rẹ̀ tì pa, omi ìtura náà tì pa.

Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ lẹ fẹ́ rà lọ́jà, ẹ ka àwo irin kékeré ara rẹ̀: bó ṣe tóbi tó, ìwọ̀n tí ara rẹ̀ lè gbà, iye psi tí sípíríǹgì fi ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ti yọ àwo náà kúrò, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń ra irin àlòkù. Bí ẹ bá sì ti gbé e délé, ẹ wo ibi tí ọ̀pá rẹ̀ wà nígbà tí kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ rárá. Ibẹ̀ ni yóò máa padà sí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ìtìpa

Ẹ ti fáàfù ọwọ́ tó wà níwájú àti èyí tó wà lẹ́yìn ibi tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́, kí ẹ fi ṣéènì àti àgádágodo tì wọ́n pa. Àpò ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe orí tábìlì ọ̀gá. Ẹ so páálí kọ́ ọ. Èmi a máa kọ ọ́ lédè Hausa pẹ̀lú, "Kada a buɗe", ìyẹn "Ẹ má ṣí i", nítorí ẹni tó máa gba iṣẹ́ alẹ́ lè má ka òyìnbó, àwa sì lè ti lọ sílé nígbà tó bá dé. Pàápàá lóṣù Ramadan, tí gbogbo èèyàn ń sáré lọ ṣínu ní ìrọ̀lẹ́, tí iṣẹ́ ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn láìsí ìjíròrò.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ibi tí omi ń gbà dà nù nísàlẹ̀ páìpù. Ẹ má gba géèjì nìkan gbọ́. Géèjì tó ti kú náà á ka òdo. Bí ẹ bá fẹ́ tú fùláńjì, ìyẹn etí irin tí wọ́n fi bóòtù so páìpù pọ̀, ẹ dẹ̀ nọ́ọ̀tì tó jìnnà sí yín ṣáájú, kí ohunkóhun tó bá ṣẹ́ kù lè tú síbòmíràn.

Gbígbé e sórí páìpù

Ẹ má gbé fáàfù tuntun sórí páìpù tí ẹ kò tíì fọ̀. Ẹ fi ègé páìpù lásán dípò rẹ̀ ná, kí ẹ jẹ́ kí omi tàbí afẹ́fẹ́ kọjá títí tí ìdọ̀tí wẹ́dà, yanrìn àti ìpẹ́pẹ́ ìpẹtà fi máa jáde tán. Hóró wẹ́dà kan péré tó bá há sí abẹ́ èdídí, fáàfù náà kò ní tì dáadáa mọ́. Bó bá ku wẹ́dà kankan, ẹ gbé fáàfù kúrò nítòsí kí ẹ tó tanná sí i. Ẹ sì fi asẹ́ síwájú rẹ̀, èyí tí yóò máa mú ohun tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn náà.

Ara fáàfù ni kí ẹ so okùn mọ́ bí ẹ bá fẹ́ fi ṣéènì gbé e, kì í ṣe pọsíṣọ́nà, kì í sì ṣe páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ afẹ́fẹ́. Ẹ wo ọfà tí wọ́n dà sára rẹ̀: ibi tó kọjú sí ni sítíìmù gbọ́dọ̀ máa lọ. Orí rẹ̀ sókè, ọ̀pá rẹ̀ lóòró gangan, kí àyè sì wà lókè tí ẹ lè fi tú orí náà lọ́jọ́ iwájú. Níwájú rẹ̀, ẹ fi páìpù tó lọ tààrà sílẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá fífẹ̀ páìpù náà, lẹ́yìn rẹ̀ tó ìlọ́po márùn-ún. Bí ilé-iṣẹ́ kò bá ní àyè tó bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe é gùn tó bó ṣe lè gùn tó, àmọ́ ẹ má fi í lẹ̀ mọ́ ẹ́líbò, ibi tí páìpù ti tẹ̀.

Ojú fùláńjì méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu fúnra wọn. Bí ẹ bá ń fi bóòtù fa páìpù wá bá fáàfù, ẹ ti ń fún fáàfù lọ́rùn nìyẹn, ọ̀pá rẹ̀ yóò sì máa há. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Ẹ máa fún àwọn bóòtù ní àkọjúsíra, díẹ̀díẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ ṣe páìpù àyíká tó ní fáàfù ọwọ́ tirẹ̀, kí iṣẹ́ má baà dúró nígbà tí ẹ bá ń tún èyí ṣe.

Afẹ́fẹ́ gan-an

Ibí ni wàhálà pọ̀ sí, ibí náà ni àwọn èèyàn ti ń kánjú jù. Afẹ́fẹ́ tó bá dọ̀tí ń pa pọsíṣọ́nà, àwọn ihò inú rẹ̀ kò sì ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.

Láti oṣù November dé February, ọyẹ́ ń gbé eruku aṣálẹ̀ bò wá. Ẹnu ọ̀nà kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ló kọ́kọ́ ń gbé e mì. Ní àsìkò yìí, ẹ máa yẹ fíltà rẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má sì rò pé nítorí pé ètè yín ń là, kò sí omi nínú afẹ́fẹ́. Bí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ bá fún afẹ́fẹ́ pọ̀ dé 7 báà (òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ mìíràn), ìwọ̀n omi tó wà nínú rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́jọ ní ààyè kan náà. Bí páìpù bá wá tutù lóru, ó di ìrì. Ìlànà àjọ ISA ti Amẹ́ríkà fún afẹ́fẹ́ irú iṣẹ́ yìí ni pé ìwọ̀n otútù tí omi inú rẹ̀ ti máa di ìrì gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀n 10 lórí Sẹ́líṣíọ́sì rẹlẹ̀ ju otútù tó pọ̀ jù níbẹ̀ lọ, kí eruku inú rẹ̀ má sì tóbi ju máíkírọ́ọ̀nù 40 lọ. Òru ọyẹ́ ní Kano lè já sí 12. Ẹ yọ 10 kúrò, ó ku 2. Ẹ̀rọ tó ń fi ìtutù gbẹ afẹ́fẹ́, bíi ti fìríìjì, kì í sábà dé ìsàlẹ̀ 3. Nítorí náà, bí páìpù yín bá gba ìta kọjá, èyí tó ní hóró tó ń fa omi ni kí ẹ rà.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáàfù kọ̀ọ̀kan, ẹ fi fíltà àti règúlétọ̀ (ohun tó ń dín agbára afẹ́fẹ́ kù) tirẹ̀ sí i. Fún èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní 3 sí 15, 20 psi ni wọ́n sábà ń gbé règúlétọ̀ sí, ṣùgbọ́n ohun tí àwo ara rẹ̀ bá sọ ni abẹ gé. Ẹ fẹ́ páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ náà mọ́ kí ẹ tó so ó mọ́ pọsíṣọ́nà, kí ẹ sì yí ẹnu rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ èèyàn. Ẹ má ṣe fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ gbọn eruku aṣọ yín rárá. Ó lè wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè fọ́ ojú.

Ọ̀rọ̀ tépù funfun, tí à ń wé sẹ́nu páìpù, mo kọ́ ọ pẹ̀lú ìtìjú. Ilé-iṣẹ́ òróró ẹ̀pà kan ni mo wà nígbà náà. Lóṣù January, fáàfù sítíìmù tó ń lọ sí ìkòkò tí à ń se ẹ̀pà kí wọ́n tó fún un bẹ̀rẹ̀ sí jó. Ọ̀pá rẹ̀ ń lọ sókè, ń bọ̀ nísàlẹ̀, kò dúró sójú kan. Odindi ọjọ́ méjì la fi bá yàrá kọ̀ńtírólù jà. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n kan tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí n tó dé tú pọsíṣọ́nà, ó mú gíláàsì ìsọ-ǹkan-di-ńlá, ó ní kí n wá wò ó. Ègé tépù kan tí kò gùn ju hóró ìrẹsì lọ ló dì sí ẹnu ihò.

"Àbúrò, ta ló wé tépù yìí?"

"Èmi ni, sà."

"O wé e láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀yọ̀, àbí?"

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yọ̀ ni àwọn ilà tó yí ẹnu páìpù ká; méjì àkọ́kọ́ lẹ máa fi sílẹ̀ láìwé, kí tépù má baà gé sínú afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá ti so gbogbo rẹ̀ tán, ẹ fi ọṣẹ àti omi pa gbogbo ìsopọ̀. Ibi tó bá hó, ó ń jò.

Ìdánwò kí sítíìmù tó dé

Páìpù ṣì gbọ́dọ̀ ṣófo. Ẹnì kan ní yàrá kọ̀ńtírólù, ẹnì kan lẹ́bàá fáàfù, ẹnì kan ṣoṣo ló ń pàṣẹ lórí rédíò. Ẹ rán 4 mA: òdo. 8: ìdá kan nínú mẹ́rin. 12: ìdajì. 16: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. 20: ó parí. Kí ẹni tó wà lẹ́bàá rẹ̀ máa ka àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá sókè. Kí ẹ tún sọ̀ kalẹ̀ padà. Bí ibi tó dúró ní 12 nígbà tó ń gòkè bá yàtọ̀ púpọ̀ sí ibi tó dúró nígbà tó ń sọ̀, nǹkan kan ń dì í mú. Pákíǹ, ìyẹn ohun tí wọ́n wé yí ọ̀pá ká kí nǹkan má baà jò, ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sí ìdajì, kí ẹ já afẹ́fẹ́ rẹ̀ lójijì. Ṣé ibi tí ẹ fẹ́ kó lọ náà ló lọ? Ẹ já iná rẹ̀ nìkan pẹ̀lú, kí afẹ́fẹ́ ṣì wà. Bí ọ̀kan bá lọ sí òdì, ẹ má gbà kí sítíìmù wọlé.

Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí omi tó ti kóra jọ nínú páìpù sítíìmù dà nù tán kí ẹ tó ṣí fáàfù ọwọ́ iwájú, kí ẹ sì ṣí i díẹ̀ kí páìpù gbóná ná. Sítíìmù tó bá pàdé omi tútù á fi í gbá páìpù bí òòlù. Mo ti gbọ́ ìró yẹn, n kò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́.

Pákíǹ tó bá ń sun díẹ̀, ẹ fún un ní ìdá mẹ́rin yíyí kan, ẹ dúró wò ó. Ẹ̀rù ìjò ló ń mú kí wọ́n fún un pa, ọ̀pá á wá bẹ̀rẹ̀ sí há, á tún tú sílẹ̀ lójijì. Bí fáàfù bá ní kẹ̀kẹ́ ọwọ́ lórí, ẹ dá a padà sí ibi àárín rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti lò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò dí afẹ́fẹ́ lọ́nà, ẹ ó sì máa bi yàrá kọ̀ńtírólù pé kí ló dé. Ẹ má fi òòlù lù ú. Láràárọ̀, ẹ tú omi ìsàlẹ̀ fíltà nù.

Ohun tí n kò fẹ́ kí ẹni tí kò ṣe é rí dá ṣe ni títú orí fáàfù. Bí afẹ́fẹ́ bá ti tán, sípíríǹgì kò tán; ó ṣì ń ti abọ́ òkè pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, wọ́n fi bóòtù méjì tàbí mẹ́ta tó gùn ju ìyókù lọ sí etí abọ́ náà. Àwọn kúkúrú lẹ máa kọ́kọ́ tú, àwọn gígùn lẹ máa wá dẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí sípíríǹgì fi máa na ara rẹ̀ tán. Bí ẹ bá wo etí abọ́ náà yíká tí ẹ kò rí bóòtù gígùn kankan, ẹ gbé sípánà sílẹ̀, kí ẹ lọ wá ìwé ẹ̀rọ náà.