Ẹ̀tọ́ Ẹni tí Kò Nílé Lákòókò Àjàkálẹ̀-àrùn: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Onílé

Nígbà tí àrùn kòrónà wọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba pààlà yí Àjàṣẹ́, Kùtọnu àti àwọn ìlú tó wà nítòsí wọn ká láti ọjọ́ 30 oṣù náà títí di ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún, ẹnikẹ́ni kò sì lè wọlé tàbí jáde láìgbàṣẹ. Alábàárù tó ti Kétu wá ru ẹrù ní ọjà Wàndó ní Àjàṣẹ́, tó ń sùn lábẹ́ àtíbàbà, kò rí ọ̀nà padà sílé, bẹ́ẹ̀ ni kò ní yàrá tí yóò wọ̀ sí.

Òfin Ìpìlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990, òfin tó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà, kò so ẹ̀tọ́ ènìyàn mọ́ ilé tó ń gbé. Abala 8 sọ pé kí gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè ní àǹfààní kan náà sí ìtọ́jú ìlera. Nítorí náà, bí ibà tàbí ikọ́ bá mú ẹni tó ń sùn sọ́jà, kò tọ́ kí ilé ìwòsàn ìjọba lé e padà nítorí pé kò ní àdírẹ́sì. Ìjọba lè ká ìrìn àti ìpéjọ lọ́wọ́ kò nítorí àrùn, ó sì yẹ ká pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n abala 18 ka ìwà ìkà àti ìwọ̀sí léèwọ̀, kò sì gbà kí wọ́n ti ẹnikẹ́ni mọ́lé ju wákàtí 48 lọ, àyàfi bí adájọ́ tí wọ́n mú un dé iwájú rẹ̀ bá pàṣẹ. Ẹní aláìnílé, àpò aṣọ rẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ẹrù tó ń tì, ohun ìní ni wọ́n, abala 22 sì dáàbò bò wọ́n.

Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù lè kọ̀wé fúnra rẹ̀ sí Ilé-ẹjọ́ tó ń rí sí Òfin Ìpìlẹ̀, láìsanwó. Ìwé náà gbọ́dọ̀ ní orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì tó ṣe pàtó àti ìbuwọ́lù; ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè tẹ̀ka. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀yin onílé, nítorí àdírẹ́sì ni aláìnílé kò ní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda ti ilé yín fún un, kí ìdáhùn lè rí ibi dé sí, kí ẹ sì bá a kọ ọjọ́, wákàtí, ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ àti orúkọ àwọn tó ṣojú wọn sílẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ tí alágbàṣe yín ń sùn ní abà, ẹ má lé wọn síta nígbà tí àrùn bá dé. Bí ọ̀kan bá ń ṣàìsàn, ẹ fún un ní ibi tí yóò dá sùn sí, ẹ gbé omi àti ọṣẹ sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín.